Àwọn Ẹyẹlé Abẹ́ Sólà Ìyá Mi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ẹ̀yin ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún jẹ́ kí ẹ sùn? Bí lẹ́tà yìí bá bá yín lọ́sàn-án tàbí lálẹ́, ẹ bá mi fi ìkíni tó yẹ rọ́pò rẹ̀. Dáadáa ni mo wà. Òtútù ń bá mi jà díẹ̀, èmi náà ò sì gbà fún un.

Mo ti ríṣẹ́! Iṣẹ́ orí òrùlé ni. Ẹ má tíì pariwo: wọ́n máa ń fi okùn so mí mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, mi ò lè já bọ́. Àwọn ará ibí ti gbé sólà sórí ilé wọn káàkiri. Abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ṣófo díẹ̀, ó fẹ̀ tó kí ọwọ́ wọlé. Òjò kì í dé ibẹ̀, oòrùn kì í pa á, ológbò ò sì mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹyẹlé wo ló máa rí irú ilé bẹ́ẹ̀ tí kò ní kó ẹrù dé? Wọ́n ń tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀, wọ́n ń bímọ síbẹ̀, wọ́n ń yàgbẹ́ sórí gíláàsì, iná onílé á sì máa dínkù. Àwa la máa ń fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí etí pánẹ́ẹ̀lì yí ká. Méjì-méjì là ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kejì mi, Bàbá Onídígí là ń pè é, òun ló máa ń ṣáájú. Ó ní dígí kékeré kan lórí ọ̀pá tó fi ń yẹ abẹ́ wò. Bó bá wò ó tán, á ju ọwọ́ sí mi, èmi á bẹ̀rẹ̀ sí fi ìkọ́ há nẹ́ẹ̀tì. Èmi kì í wo abẹ́. Ìkọ́ ni tèmi. Mo yára débi pé ọ̀gá wa ń pè mí ní Ẹ̀rọ.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Pápá ńlá kan wà tí wọ́n to pánẹ́ẹ̀lì sí lọ bẹẹrẹ, tó ń dán bí ojú odò. Ẹyẹ omi kan fò wá láti òkè, ó rò pé omi ni, ó sì já lé e gbàgà. Ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ ló ní, kò lè fi sáré lórí ilẹ̀ kó tó gbéra, ló bá jókòó síbẹ̀ tó ń wò wá. Bàbá Onídígí gbé e sínú páálí, ó gbé e lọ sí adágún gidi. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni àánú rẹ̀ wá ṣe mí.

Sólà tiyín ńkọ́? Ó pé ọdún kan lóṣù tó kọjá tí a gbé e sórí òrùlé yín. Ṣé fíríìjì ń ṣiṣẹ́ mọ́jú? Oògùn tí ẹ ń kán sójú gbọ́dọ̀ máa tutù, dókítà ti wí bẹ́ẹ̀. Kí ló sì dé tí lẹ́tà yín tó kọjá fi jẹ́ títẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní lórí fóònù, mo máa ń lu èdè méjì pọ̀ bí ẹni ń lu ẹyin, pé kí n máa kọ̀wé kí n lè fara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀. Mo ń wá a. Àmọ́ ìkọ̀wé ọwọ́ yín ni mo fẹ́ máa rí.

Èmi ni, àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọmọ mi, Sísí Orí Òrùlé,

Lẹ́tà rẹ dé, a ti gbọ́ ọ. Mo rán ọmọ lọ síléèwé, ó kàwé, ó kàwé, ó wá di ẹni tí wọ́n ń so mọ́ òrùlé. Kò burú. Iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀sín. Kí okùn náà ṣáà má já.

Ní ti lẹ́tà títẹ̀ tí o rí, ọwọ́ ló ń ro mí. Ọmọbìnrin kan wà tó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé wa. Èmi ń sọ ọ́, òun ń tẹ̀ ẹ́. Atẹ̀wé là ń pè é. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, àmọ́ ìka rẹ̀ yá. (Èmi Atẹ̀wé ń kí yín o, ẹ̀gbọ́n. Màmá ní kí n má tẹ èyí.)

Sólà ń gbìyànjú. Bí iná ò bá pẹ́, èmi náà kì í pẹ́ sùn. Ẹyẹlé tí o sọ yẹn wà lórí òrùlé tèmi náà, abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì gan-an, lókè iyàrá mi. Mo ti mọ gbogbo ìṣe wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, akọ á bẹ̀rẹ̀ sí ké húù-húù, á máa yí po bí ọkọ ìyàwó tó ń wá bàtà. Mo mọ̀ pé ó tó àkókò láti dìde nìyẹn. Bí oòrùn bá kan àtàrí, gbogbo wọn á dákẹ́ wẹ́lo, mo mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n, mo kán oògùn. Bí wọ́n bá tún padà wọlé tí ìyẹ́ ń lu irin pà-pà-pà, ìrọ̀lẹ́ ti dé, mo ti ilẹ̀kùn. Aago tí o rà fún mi wà lára ògiri, ó ń ṣe tiẹ̀.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi bàtà pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí kì í yọ̀. Kó jẹ́ pupa, kí n lè tètè rí i.

Ìyá rẹ.

Ẹ̀gbọ́n, Màmá ti lọ sílé, èmi Atẹ̀wé ni mo fi èyí sísàlẹ̀. Fíríìjì kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú mọ́. Mo fọwọ́ kan oògùn ojú wọn lánàá, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Oníná, ọkùnrin tó gbé sólà yẹn sókè, ní ìgbẹ́ ẹyẹ ti bo pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta. Màmá ò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan àkàsọ̀. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Ẹ̀yin ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Inú mi ò dùn, n ò sì ní fi oyin bo ọ̀rọ̀ fún yín. Ẹ ní sólà ń gbìyànjú. Ẹ ò sọ fún mi pé fíríìjì ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún mi.

Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ tó wà lórí òrùlé yín, ńṣe ni wọ́n so wọ́n pọ̀, bí èèyàn mẹ́jọ tó gbé ìtì igi kan. Bí ọ̀kan bá jókòó, gbogbo wọn ni igi máa tẹ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó bo igun kan péré máa ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Koríko ìtẹ́ wọn kì í sì í jẹ́ kí atẹ́gùn gba abẹ́ kọjá. Pánẹ́ẹ̀lì á gbóná jù, èyí tó bá gbóná jù kì í mú iná tó wá.

Bí oògùn yẹn bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi lásán lẹ ń kán sójú. Ẹ sì mọ ohun tí dókítà sọ: nínú irú àìsàn tó mú yín yìí, ìríran tó bá ti lọ kì í padà wá. Mo ti rí ẹni tó ń bọ̀. Mo fi bàtà pupa ránṣẹ́, mo sì di nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọgọ́rin ìkọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Oníná fi dí etí pánẹ́ẹ̀lì yẹn. Àwọn ẹyẹ á rí ilé mìíràn gbé. Ẹ̀yin ò lè rí ojú mìíràn.

Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Bàtà dé. Ó bá ẹsẹ̀ mu. Mo wọ̀ ọ́ rìn dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, Atẹ̀wé ní mo dà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Nẹ́ẹ̀tì náà dé. Abẹ́ ibùsùn ni mo fi í sí, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé.

Ẹni tó ṣòfófó ti jẹ́wọ́. Ìka tó tẹ òfófó náà ló ń tẹ èyí. (Òótọ́ ni o.)

Ò ń kọ́ mi ní ìmọ̀ sólà. Ó dáa. Jẹ́ kí èmi náà kọ́ ọ ní ìmọ̀ ilé. Láti ìgbà tí ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ti tú ká, ohùn wo ló kù níbí? Fíríìjì ń kùn, ẹyẹlé ń ké. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló mọ̀ pé mo ti jí?

Ojú mi ń ríran. Má da ara rẹ láàmú. Nẹ́ẹ̀tì ni mi ò fẹ́. Bí ìyá bá ní òun ò fẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ó máa ná bí aṣọ.

Ṣé o ń jẹun? O ò sọ̀rọ̀ oúnjẹ nínú lẹ́tà méjèèjì.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n Oníná,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú orí àkàsọ̀. Ó máa yà yín lẹ́nu pé èmi ni mo kọ̀wé sí yín. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe lórí òrùlé ìyá mi. Wọ́n ti ní àwọn ò fẹ́. Èmi ni mo fẹ́ ẹ, nítorí ojú wọn.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìyá mi máa ń lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago méjì, ilé máa ń ṣófo. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ Atẹ̀wé. Nẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ ibùsùn.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti kànìnkànìn rírọ̀ fọ gíláàsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun ọwọ́ òsì. Ẹ fi ìkọ́ kan há a, ẹ fi àlàfo ìbú ọwọ́ mẹ́rin sílẹ̀, ẹ fi ìkọ́ kejì há a, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi yí i po. Nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ tẹ òrùlé gírígírí, kí àtẹ́lẹwọ́ ìkókó pàápàá má lè kọjá. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí àwọn ẹyẹlé bá ti jáde lọ wá oúnjẹ, kí ẹ má baà há ìkankan mọ́ inú. Bí wọ́n bá padà dé, wọn ò ní rí ọ̀nà wọlé, wọ́n á lọ síbòmíràn.

Bí ìyá mi bá bínú, ẹ sọ pé èmi ni mo rán yín. Ẹ má ṣáà sọ ọ́ ṣáájú.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mi ò kí ọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bọ̀ láti ìpàdé, ilé dákẹ́. Mo rò pé etí mi ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ìyẹ́, pà-pà-pà, àmọ́ wọn ò wọlé. Wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ létí irin, èékánná wọn ń họ páànù. Ó ṣe díẹ̀, mo wá gbọ́ àwọn tó wà nínú. Àwọn ọmọ ni. Ọmọ ẹyẹlé kì í ké bí ìyá rẹ̀. Igbe tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, súú-súú, bí fèrè tó ti fọ́. Ìyá wà lóde, ọmọ wà nínú, nẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú bàtà wà láàárín wọn.

Ọjọ́ kẹta rèé. Mo ní kí Atẹ̀wé gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí iyàrá mi, kó lè máa gbọ́ ohun tó ń tẹ̀. Lánàá, ohùn mẹ́rin ni mo kà. Láàárọ̀ yìí, ó ku méjì. Wọn ò ké pọ̀ mọ́. Ọ̀kan á ké, èkejì á pẹ́ kó tó dáhùn, bí ẹni tó ń ronú bóyá ó tọ́ sí wàhálà náà.

Fíríìjì ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ayọ̀ rẹ kún. Oògùn tutù bí yìnyín. Mo kán an láàárọ̀ yìí, mo ń gbọ́ wọn lókè bí mo ṣe gbójú sókè tí mo ń kán an. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn? O gba ìwé ẹ̀rí, o gba okùn orí òrùlé, o ò gba àṣẹ lẹ́nu mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún

Ẹ̀yin ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀. Lórí àga ni mo gbé ìwé lé, lórí orúnkún ni mo ti ń kọ ọ́.

Ọjọ́ méjìlá ni lẹ́tà yín lò lọ́nà. Inú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni mo ti kà á, mo sì mọ̀ pé ohun tó ń ké nínú rẹ̀ ti dákẹ́ tipẹ́. Mo pe fóònù yín nígbà mọ́kànlá. Mo pe Oníná. Ó ní òun ti tú u. Mo bi í pé ìgbà wo, mo bi í pé mélòó ló yè. Ó ní, "Àbúrò, ẹ bi Màmá." Ó sì pa fóònù.

Bàbá Onídígí rí ojú mi, ó ní kí ló ṣe mí. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ta ló yẹ abẹ́ wò?"

Mo to gbogbo ohun tí mo kọ sí Oníná sílẹ̀ fún un; yíyẹ abẹ́ wò ò sí nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ló ń wò. Bó bá rí ìtẹ́ tó ní ọmọ nínú, a kì í fọwọ́ kàn án. A ó kó àkàsọ̀ wa lọ sí ilé mìíràn, a ó padà wá lẹ́yìn oṣù kan tí wọ́n bá ti fò lọ. Èmi gan-an ni mo máa ń kùn pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni mo kọ sí Oníná, títí dé ìbú ọwọ́ mẹ́rin. Ohun tí ojú ẹlòmíràn ń bá mi mọ̀, mi ò rántí pé ó wà. Mo tún wá sọ fún un pé kó ṣe é nígbà tí àwọn ìyá bá ti jáde. Mo rò pé àánú ni mo ṣe.

Mi ò ní sọ pé nítorí ojú yín ni. Nítorí ojú yín ni, àmọ́ ẹ ti ní ẹ ò fẹ́.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ béèrè, ẹ má bínú. Ilé Oníná ò jìnnà sí yín, òdìkejì ọ̀nà ni. Ẹ gbọ́ igbe náà láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé èmi lẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Èmi Atẹ̀wé ni. Lónìí, kò sí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ sí mi létí, tèmi ni mò ń tẹ̀. Lẹ́tà yín dé, mo kà á fún Màmá. Bí mo ṣe dé ibi ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní kí n dúró níbẹ̀, kí n máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn ò tíì ránṣẹ́ pè mí láti ọjọ́ náà. Bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, mo gbé ẹ̀rọ dé iyàrá wọn, mo sì gbọ́ igbe lókè àjà. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n sáré pe Oníná. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

"Jókòó."

"Màmá, wọ́n ń kú lọ o!"

"Mo ní jókòó. Tẹ̀ ẹ́ ná."

"Kí n tẹ kí ni?"

"Ohun tí ò ń gbọ́ yẹn."

Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo kà á. Wọ́n ní ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ igbe náà kò dun èèyàn tó, kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta la tún lẹ́tà yẹn ṣe, ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ìgbà tí a fi ṣe tán, oòrùn ti ń wọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n wá ní, "Ó yá. Lọ pè é wá."

Oníná gun òkè, ó já nẹ́ẹ̀tì. Inú fìlà rẹ̀ ló fi gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n. Ọ̀kan ṣì ń mí. Màmá gbé e lé àyà, wọ́n ń fi ìka kán omi sí i lẹ́nu. Kò mọ́jú.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ, ẹ fọkàn balẹ̀ kà á. Ọwọ́ ò ro wọ́n. Láti oṣù kẹwàá tó kọjá ni Màmá ò ti rí ìwé kà mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ilẹ̀kùn. Bí mo bá ka lẹ́tà yín fún wọn tán, wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á máa fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Aago ara ògiri ti kú tipẹ́, wọn ò mọ̀, èmi náà ò sì lè sọ. Àwọn ẹyẹlé yẹn ni aago wọn lóòótọ́.

Mo lè dìde lọ pe Oníná lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó so mí mọ́ àga. Mi ò dìde. Mò ń tẹ̀wé.

Àbúrò yín, Atẹ̀wé.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Ẹ̀yin ìyá mi,

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Atẹ̀wé padà. Òun ló máa ka èyí fún yín, ojú á sì máa tì í bó ṣe ń kà á. Ẹ má nà án.

Mo bínú fún ọjọ́ méjì gbáko. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta, mo fà wọ́n ya. Gbogbo ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi kàn yín, bí mo bá ti kọ ọ́ dé ìdajì, mo máa rí i pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Èmi náà ò ro ti àwọn ẹyẹ yẹn. Bí n ó ṣe borí yín ni mo rò.

Mo bi Bàbá Onídígí pé kí ni ṣíṣe. Ó ní kí Oníná tú pánẹ́ẹ̀lì méjì tó wà lókè iyàrá yín kúrò lára àwọn yòókù, kó jẹ́ òrùlé lásán fún ẹyẹ, kí ìgbẹ́ wọn máa dà síbẹ̀. Mẹ́fà tó kù, kó fi nẹ́ẹ̀tì dí wọn, àmọ́ kó kọ́kọ́ yẹ gbogbo abẹ́ wò. Mo ti fi dígí kan àti ọ̀pá rẹ̀ ránṣẹ́. Mẹ́fà tó mọ́ tónítóní á gbé fíríìjì ju mẹ́jọ tó dọ̀tí lọ. Mi ò rán ẹnikẹ́ni sí Oníná o. Bí ẹ bá gbà, ẹ sọ fún un fúnra yín. Bí ẹ ò bá gbà, mo ti gbọ́.

Ó ku ohun tí Oníná ò lè bá mi yẹ̀ wò. Báwo ni ojú yín ṣe rí? Ẹ má sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí n gbọ́. Ẹ sọ bó ṣe wà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ẹ kú iṣẹ́ ìwọ àti bàbá onídígí yẹn. Atẹ̀wé wà níbí, mo ti pè é padà, ó ń fa imú. (Mi ò fa imú.)

Ìbéèrè méjì lo bi mí. Jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

O ní kí ló dé tí mi ò pe Oníná. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo ti mú ọ̀pá mi, mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo wá rò ó pé bó bá tú u báyìí, tí kò sí ohun tó kú, ọmọ yìí á ní, "Ẹ ò rí i, Màmá? Ẹyẹ wà láàyè, iná náà dé." Wàá borí mi. Mo padà, mo jókòó sórí ibùsùn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí ẹ̀bi dun ọmọ. Mo fẹ́ kí ẹjọ́ mi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ ẹyẹ mẹ́rin ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ fún un. Mo ń gbọ́ wọn, mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mi ò lè sọ pé ogbó ni. Èyí tó kú sí mi láyà yẹn, bó ṣe ń mí, ó ń mì bí aago ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò gbé fóònù rẹ. O rò pé mò ń bínú. Ojú ló ń tì mí.

Ní ti ojú mi. Ti òsì ti lọ. Ti ọ̀tún ń rí fèrèsé bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi ṣe ń rí ọ̀run. Mo mọ ẹni tó wọlé nípa ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Atẹ̀wé mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní òun ò lè sọ bóyá oògùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló gbé èyí tó lọ lọ, àmọ́ pé èyí tó kù ṣeé dì mú. Mo mọ̀ pé fíríìjì ò ṣiṣẹ́, ọmọ mi. Mo mọ̀, mo sì ń kán an bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí mo bá sọ fún ọ, o lè pa iṣẹ́ rẹ tì kí o máa bọ̀ wálé nítorí mi, o sì lè má wá. Mi ò fẹ́ mọ èwo nínú méjèèjì.

Oníná ti ṣe é. Èmi ni mo rán an. Ó ń gbé dígí rẹ yẹn káàkiri àdúgbò bí dókítà eyín, kò sí abẹ́ tí kò yẹ̀ wò tán. Oògùn ń tutù. Òrùlé dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n dìde. Ìgbà tí mo bá jí, mo jí.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, nǹkan kan bà lé òrùlé. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Kò ké. Ó rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó dúró, ó tún rìn, bí ẹni tó ń wá ilé gbé tó sì ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣáájú. Mo dìde dúró sábẹ́ rẹ̀. Atẹ̀wé ní, "Màmá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dúró." Mo ní ẹnu wo ni n ó fi bẹ̀ ẹ́?

Ó ń wá lójoojúmọ́ báyìí, àmọ́ kì í sùn síbẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Oníná ní kí òun gun òkè lọ wò bóyá ó ti ń kó koríko. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gun òkè títí ẹyẹ náà yóò fi pinnu fúnra rẹ̀.

Má bẹ̀ mí mọ́. Èmi náà ò ní bẹ̀ ọ́. Èèyàn méjì tó jọ jẹ̀bi, ta ni nínú wọn ni yóò jókòó ṣe adájọ́? Bí o bá lè wá, máa bọ̀. Bí o ò bá lè wá, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé o ò lè wá, kí Atẹ̀wé kà á sí mi létí ketekete. Mo fẹ́ mọ èwo.

Ìyá rẹ.